Orúkọ Nọ́ọ̀sì Lẹ́yìn Ọkọ̀ Ubaydullah

Ní Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kìíní ọdún 2025, ní aago mẹ́wàá ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá òwúrọ̀, ni mo kọ́kọ́ pàdé Nọ́ọ̀sì Adédoyin. Ilẹ̀kùn ọkọ̀ ni ó ya mí ní àtẹ́lẹwọ́ ní páàkì Ore, níbi tí mo ti ń kọ orúkọ àwọn èrò, ẹ̀jẹ̀ sì kọ̀, kò dá. Wọ́n fi ọ̀kadà gbé mi lọ sí ilé ìwòsàn kékeré kan tí ó wà lójú ọ̀nà Odigbo.

Yàrá ìtọ́jú tí wọ́n ní kò ju ẹyọ kan lọ. Ṣùgbọ́n wọ́n ta okùn kan láti ògiri dé ògiri, wọ́n sì fi aṣọ aláwọ̀ ewé kọ́ sórí okùn náà. Kí Nọ́ọ̀sì tó bi mí ní ohunkóhun, ó kọ́kọ́ fa aṣọ náà, ó fi ké wa kúrò lọ́dọ̀ àwọn tí ó jókòó lórí bẹ́ǹṣì. Lẹ́yìn náà ni ó wá sọ̀rọ̀.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, sà. Kí ni ó gé yín?"

Mo ní ilẹ̀kùn ọkọ̀ ni. Mo sọ ọ́ lóhùn òkè, bí a ti ń sọ̀rọ̀ ní páàkì.

"Ẹ rọra sọ ọ́, sà. Èmi nìkan ni mo nílò rẹ̀."

Ó fọ ojú ọgbẹ́ náà, ó rán an, ó dì í, ó sì ní kí n padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan.

Ní ọjọ́ kejì mo rí i lábẹ́ afárá Ore, ó ń ra ẹ̀fọ́. Ilé ni a ti kọ́ wa pé bí ilẹ̀ bá mọ́, ẹni tí a ṣe lóore lánàá gbọ́dọ̀ kí ẹni tí ó ṣe é. Mo dúró, mo ní, "Nọ́ọ̀sì, ẹ kú oore àná o." Ó wò mí bí ẹni tí kò rí mi rí. Ó ní, "Ẹ káàárọ̀, sà," ó san owó ẹ̀fọ́ rẹ̀, ó sì kọjá lọ.

Ìyá kan tí ó ń ta ọsàn nítòsí bú sẹ́rìn-ín. Límátù ni orúkọ rẹ̀.

"Ẹ̀yin náà ti jẹ nínú rẹ̀. Bó ṣe ń ṣe nìyẹn. Òun ló gbẹ̀bí ọmọ mi, kò sì béèrè ọmọ náà lọ́wọ́ mi rí láàárín ọjà. Nọ́ọ̀sì Má-Mọ̀-Mí là ń pè é níbí."

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí ju bí ó ti yẹ lọ. Nígbà tí mo padà lọ kí ó tú okùn ọgbẹ́ náà, mo bi í léèrè ìdí tí ó fi ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ mí.

Kò gbójú sókè kúrò lára ọwọ́ mi. Ó ní, "Bí mo bá bi yín láàárín ọjà pé ọwọ́ ńkọ́, kí ni màá bi ẹni tó tẹ̀lé yín?"

"Ọwọ́ ni tèmi, Nọ́ọ̀sì. Gbogbo ayé ló ń wo báńdéèjì rẹ̀."

"Tiyín ṣeé wò, sà. Ẹni tí tirẹ̀ ò ṣeé wò ń bọ̀ lẹ́yìn. Tí mo bá béèrè tiyín tí mi ò béèrè tirẹ̀, wọn á ní tirẹ̀ ní nǹkan nínú. Nítorí náà, gbogbo yín ni mi ò mọ̀ níta. Ẹni tó bá kí mi, màá jẹ́ ẹ. Ó parí síbẹ̀."

Ago Alaye ni wọ́n bí Nọ́ọ̀sì sí, nínú ìdílé àgbẹ̀ oníkòkó. Bí àgbàlagbà kan bá ti oko dé ilé ìwòsàn, èdè Ìkálẹ̀ ni ó fi ń bá a sọ̀rọ̀, ojú ẹni náà a sì rọ̀. Kò tíì lọ́kọ nígbà tí mo mọ̀ ọ́n, àwọn tí ó ń pè é ní agbéraga sì ní ìdí rẹ̀ kò jìnnà.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Olúbísí, tí ó ń gbin ẹ̀gẹ́ ní apá Agbabu nísinsìnyí, ni ó jẹ́ kí n mọ ibi tí ìwà náà ti ṣẹ̀. Olúbísí fẹ́ relé ọkọ nígbà náà. Ó ṣàìsàn, wọ́n tọ́jú rẹ̀, ó sàn. Ní ọjọ́ ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ìyá àgbà wọn dìde. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ dókítà, wọ́n sì to gbogbo ohun tí dókítà ṣe lẹ́sẹẹsẹ, ìjọ sì ń ṣe àmín. Àwọn àna Olúbísí jókòó níwájú. Àwọn náà ń ṣe àmín. Wọ́n relé ní ọjọ́ náà, wọn kò sì padà wá mọ́.

"Ìyá àgbà ò ṣìkà o," Olúbísí ni ó sọ bẹ́ẹ̀ fún mi, ó ń bó ẹ̀gẹ́, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ọpẹ́ ni wọ́n ń dú. Ọkọ tí mo wá fẹ́ níbí sì sàn ju èyí tó sá lọ lọ, ẹ bi í léèrè. Ṣùgbọ́n Adédoyin kéré nígbà yẹn. Òun ló jókòó tì mí. Òun ló rí ojú mi nígbà tí àmín ń lọ."

Kí n tó sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní páàkì wa, ó yẹ kí n ṣàlàyé. Orúkọ ẹnikẹ́ni nínú ìtàn yìí kì í ṣe orúkọ rẹ̀. Mo yí àwọn nǹkan mìíràn padà pẹ̀lú, kí ẹni tí ó mọ páàkì wa má baà lè nàka sí ilé kan. N kò ní sọ àìsàn náà, n kò sì ní sọ irú oúnjẹ tí obìnrin inú rẹ̀ ń tà. Ohun tí mo fi ojú mi rí ni mo rí. Ìyókù, ẹnu tọkọtaya náà ni mo ti gbọ́ ọ. Ìyàwó ni ó ní kí n kọ ọ́, òun ni mo sì kọ́kọ́ kà á fún.

Ubaydullah ń wa bọ́ọ̀sì láti Ore sí Èkó. Ìyàwó rẹ̀, Àzíìzàt, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Karimat, ń ta oúnjẹ sísè fún àwọn awakọ̀ àti èrò. Ó ṣàìsàn. Irú àìsàn tí àwọn ènìyàn ń bẹ̀rù orúkọ rẹ̀ ju òun fúnra rẹ̀ lọ ni. Bí ara ẹni tí ó ṣe bá yá tán, wọn kì í gbàgbé. Ìkòkò Àzíìzàt ni ó ń rán àwọn ọmọ wọn níléèwé. Bí a bá gbọ́ orúkọ àìsàn náà mọ́ tirẹ̀, kò sí ẹni tí yóò tún jẹ nínú ìkòkò náà. Nítorí náà wọ́n sọ fún páàkì pé ó lọ tọ́jú ìyá rẹ̀ ní Araromi-Obu, àbúrò rẹ̀ sì bá a jókòó ti ìkòkò. Ilé ìwòsàn ojú ọ̀nà Odigbo ni ó wà, lẹ́yìn aṣọ aláwọ̀ ewé náà. Oògùn ṣiṣẹ́. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n sì ní ó ti bọ́. Ó padà sídìí ìkòkò rẹ̀, ó sanra díẹ̀, àwọn awakọ̀ sì ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé oúnjẹ Araromi-Obu bá a lára mu.

Inú Ubaydullah dùn débi pé kò mọ ohun tí yóò ṣe. Ó ṣẹlẹ̀ pé àkókò tó tí ó fẹ́ tún ọkọ̀ rẹ̀ kùn. Ó gbé e lọ fún Gàzálì, ẹni tí ó ń kọ ọ̀rọ̀ sára ọkọ̀ fún gbogbo wa, ó ní kí ó pa ọ̀rọ̀ àtijọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ rẹ́, kí ó sì fi ọ̀dà pupa kọ NỌ́Ọ̀SÌ ADÉDOYIN gàdàgbà sí òkè. Ó ní òun yóò mú ìyókù wá bí òun bá ti dé. Ó wá gun ọ̀kadà, ó gba ilé ìwòsàn lọ láti fún Nọ́ọ̀sì ní ìròyìn ayọ̀.

Nọ́ọ̀sì fa aṣọ. Ubaydullah dúró gangan, ó sì ka ohun tí ó fẹ́ kọ: pé Nọ́ọ̀sì Adédoyin ni Ọlọ́run lò láti gba ìyàwó òun Àzíìzàt sílẹ̀, ó sì dárúkọ ohun tí wọ́n gbà á sílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ṣé ìyàwó yín mọ̀ sí i?" ni Nọ́ọ̀sì béèrè.

"Mo fẹ́ kó kàn rí i ni. Á yà á lẹ́nu."

"Á yà á lẹ́nu lóòótọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ ọ́."

Ubaydullah rò pé ìtìjú ni ó ń ṣe é. "Nọ́ọ̀sì, ẹ gbà á. Ẹ tọ́ sí i."

"Mo gbà á, sà. Mo ti gbọ́ ọ, ó sì ti dé inú mi. Ẹ má kọ ọ́ ni mo ní."

"Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kóni lẹ́rù lọ ni. Ṣé ẹ fẹ́ kí n máa dúpẹ́ ní kọ̀rọ̀ bí olè?"

"Ara ta ni kò yá?"

"Ara rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ó ti sàn. Pé ó ti sàn ni mo ń kọ. Ẹni tó bá kà á á mọ̀ pé ó ti sàn."

"Ẹ̀yin lẹ ń wakọ̀, sà. Tí ọkọ̀ kan bá yà yín sílẹ̀ lójú títì, ṣé ẹ máa ń ka ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ tán?"

Ubaydullah sọ fún mi pé òun mọ ìdáhùn rẹ̀, ṣùgbọ́n pé inú ń bí òun. Ó jáde láìdágbére, ó sì lọ jókòó ti ọ̀rẹ́ kan ní Odigbo títí ọ̀sán fi rọ̀.

Ohun tí kò rántí ni pé ọkọ̀ rẹ̀ dúró létí títì pẹ̀lú orúkọ lẹ́yìn rẹ̀. Orúkọ obìnrin. Ní páàkì wa, bí ọkùnrin bá kọ orúkọ obìnrin sẹ́yìn ọkọ̀, ìyá rẹ̀ ni tàbí ìyàwó rẹ̀. Gbogbo ènìyàn mọ orúkọ ìyá Ubaydullah, wọ́n sì mọ orúkọ ìyàwó rẹ̀. Gàzálì kùn ún tán, ó sì lọ kírun. Nígbà tí ó fi padà dé, lẹ́nu àwọn ará páàkì, Ubaydullah ti fẹ́ ìyàwó kejì, nọ́ọ̀sì ni, kò tíì lọ́kọ rí, wọ́n sì ti yan ọjọ́.

Mo wà níbẹ̀ nígbà tí Nọ́ọ̀sì ṣíwọ́ iṣẹ́ tí ó sì gba àárín páàkì kọjá. Límátù ọlọ́sàn ni ó kọ́kọ́ rí i.

"Ìyàwó kékeré, ẹ káàbọ̀ o. Ẹ wá kí ìyáálé yín."

Àwọn obìnrin rẹ́rìn-ín. Nọ́ọ̀sì ní, "Ẹ kú ọjà o," ó sì ń lọ. Morẹ́nikẹ́, tí ó ń ta búrẹ́dì, fẹsẹ̀ dínà fún un.

"Ẹ má tíì lọ. Ẹ sọ fún wa. Kí ló pa ẹ̀yin àti ọkọ Ìyá Karimat pọ̀?"

"Ẹ bi ẹni tó ni ọkọ̀."

"Ẹ̀yin là ń bi. Ibo lẹ ti mọ̀ ọ́n?"

Àzíìzàt wà lẹ́yìn ìkòkò rẹ̀ pẹ̀lú ṣíbí ńlá lọ́wọ́. Ó ti gbọ́ nípa ìyàwó tuntun náà láti ọ̀sán. Ó mọ ibi tí Nọ́ọ̀sì ti mọ ọkọ òun dáadáa, nítorí òun gan-an ni ọkọ òun ń sìn lọ síbẹ̀. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni ó kù tí yóò fọ orúkọ Nọ́ọ̀sì mọ́: ìyàwó rẹ̀ ni mo tọ́jú. Àzíìzàt sọ fún mi pé òun dúró de gbólóhùn náà bí ẹni tí ó ń dúró kí nǹkan wó lé òun lórí. Ọwọ́ òun kò lè gbé ṣíbí náà sílẹ̀.

Nọ́ọ̀sì wo Morẹ́nikẹ́ lójú. "Mi ò mọ̀ ọ́n ju bí mo ṣe mọ gbogbo yín lọ."

"Irọ́ funfun nìyẹn."

"Ẹ kú ọjà o," ni Nọ́ọ̀sì tún wí. Ó yí ẹsẹ̀ Morẹ́nikẹ́ ká, ó sì kọjá. Wọ́n fi yẹ̀yẹ́ sìn ín dé ìdí afárá. Kò yíjú wo apá ibi tí Àzíìzàt wà.

Nígbà tí Ubaydullah délé ní ìrọ̀lẹ́, oúnjẹ rẹ̀ wà lórí tábìlì. Àzíìzàt jókòó níwájú rẹ̀.

"Bàbá Karimat, ẹ kú ìyàwó tuntun."

"Ìyàwó wo?"

"Èyí tí ẹ kọ sẹ́yìn ọkọ̀."

Ó ṣàlàyé. Ó sọ gbogbo rẹ̀, ó sì ń retí pé inú Àzíìzàt yóò dùn.

"Orúkọ àìsàn mi. Lẹ́yìn ọkọ̀ tó ń lọ Èkó."

"Kí wọ́n lè mọ̀ pé o ti sàn ni."

"Orúkọ lásán lẹ kọ lónìí, oòrùn ò tíì wọ̀ tí wọ́n fi gbé ìyàwó fún yín. Tí ẹ bá wá fi àìsàn kún un, kí ni wọ́n máa gbé fún èmi?"

Ubaydullah fẹ́ bínú, ó sì rí i pé ẹ̀rín ni ó ń bọ̀. Ṣùgbọ́n Àzíìzàt kò rẹ́rìn-ín. Ó sọ fún un ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní páàkì: bí wọ́n ṣe dá Nọ́ọ̀sì dúró, ohun tí wọ́n bi í, àti ohun tí kò sọ. Ọkọ rẹ̀ ti oúnjẹ sẹ́yìn.

"Kò dárúkọ rẹ?"

"Kò wo ọ̀dọ̀ mi."

"Nítorí ọpẹ́ mi."

"Ẹ dúpẹ́, ẹ ò ṣe nǹkan burúkú. Ṣùgbọ́n ara mi ló yá, Bàbá Karimat. Ẹ gbé ọpẹ́ náà fún mi. Èmi ni màá dú u."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, kí ó tó ṣí ìkòkò, ó lọ dúró láàárín àwọn obìnrin náà. Mo ń kọ orúkọ èrò lọ́wọ́, mo sì gbọ́ gbogbo rẹ̀.

"Ẹ̀yin ìyá, mo gbọ́ pé ẹ ti bá mi gbé ìyàwó wálé. Ẹ bá mi dá a padà. Èmi àti ọkọ mi la jọ ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ilé ìwòsàn. Orúkọ Nọ́ọ̀sì nìkan ni ọkọ mi rántí, ìyẹn ló kọ."

"Kí ni wọ́n ṣe fún yín?" ni Morẹ́nikẹ́ béèrè.

"Wọ́n ṣe wá dáadáa."

"Ta ló ṣàìsàn?"

"Nínú ilé tí ọmọ pọ̀ sí? Ẹ lọ bi Nọ́ọ̀sì. Tó bá sọ fún yín, ẹ tètè wá sọ fún èmi náà."

Límátù ti fi ọwọ́ bo ẹnu, ejìká rẹ̀ ń mì. "Ta ni yóò bi Má-Mọ̀-Mí ní nǹkan tó máa dáhùn? Lánàá, à bá pa á, kò ní sọ." Ó mú ọsàn kan, ó ń yí i lọ́wọ́. Nígbà tí ó tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. "Àṣé kò sọ tèmi náà fún ẹnikẹ́ni."

Kò sí ẹni tí ó bi í pé kí ni tirẹ̀. Morẹ́nikẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í to búrẹ́dì rẹ̀ tí ó ti tò tẹ́lẹ̀.

Àzíìzàt gba ọ̀dọ̀ Gàzálì lọ. Gàzálì rí i, ó sì sá sẹ́yìn ọkọ̀.

"Ìyá Karimat, ọwọ́ mi ló kọ ọ́ o, kì í ṣe ọkàn mi."

"Jáde wá, mi ò nà ọ́. Pa ìyàwó tuntun rẹ́."

"Kí ni kí n kọ dípò rẹ̀?"

Ó sọ ọ́ fún un. Gàzálì tún un sọ lẹ́nu ara rẹ̀, ó mi orí.

"Kò lórúkọ. Aṣọ wo ni? Ta ni wọ́n fà á fún? Àwọn ènìyàn á máa bi mí léèrè."

"Máa sọ fún wọn pé o ò mọ̀. Òótọ́ ni yóò sì jẹ́."

Ọ̀rọ̀ náà wà lẹ́yìn ọkọ̀ náà títí di òní, ní ọ̀dà funfun, ó sì kúrú débi pé ẹni tí ọkọ̀ ń yà sílẹ̀ lè kà á tán: Ẹ̀YIN TÍ Ẹ FA AṢỌ KÍ Ẹ TÓ BÉÈRÈ, A DÚPẸ́. Bí àwọn awakọ̀ bá ń jiyàn lórí rẹ̀, àwọn kan á ní ìyàwó ilé ni ó ń kí, àwọn mìíràn á ní Ọlọ́run ni, ẹni tí ó ń bo ẹrú rẹ̀. Ubaydullah a jókòó láàárín wọn, a máa jẹun, kò ní sọ nǹkan kan. Ó sọ fún mi pé ọpẹ́ tí ó wúwo jù tí òun ti dú rí nìyẹn, nítorí pé ẹnu òun ń yún òun.

Láti ìgbà náà, a máa ń rí apẹ̀rẹ̀ ọsàn lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn náà lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, láìsí orúkọ lára rẹ̀. Àwọn obìnrin páàkì tí kì í lọ síbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ti ń lọ, pàápàá àwọn tí ọ̀rọ̀ wọn kò ṣeé sọ lóhùn òkè. Wọ́n ṣì ń pè é ní Nọ́ọ̀sì Má-Mọ̀-Mí. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí Morẹ́nikẹ́ ń júwe ilé ìwòsàn náà fún ọmọbìnrin kan tí ó ń sunkún, mo gbọ́ tí ó ní, "Lọ bá Má-Mọ̀-Mí. Tó bá rí ẹ lọ́la, kò ní mọ̀ ẹ́. Kí ọkàn rẹ balẹ̀."

Ní oṣù kejìlá, mo lọ kí Nọ́ọ̀sì Adédoyin fi ẹ̀rọ wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ mi. Ó fa aṣọ. Nígbà tí ó tú okùn ẹ̀rọ náà kúrò lápá mi, mo bi í bóyá ó ti rí ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn ọkọ̀ kan ní páàkì wa, àti bóyá ó mọ ẹni tí ó ni ọ̀rọ̀ náà.

"Mo rí i lábẹ́ afárá, sà, mo sì kà á tán kó tó lọ. Mi ò mọ ẹni tó ni ín, mi ò sì mọ ohun tí wọ́n ṣe fún un. Ṣùgbọ́n tí ẹ̀yin bá mọ̀ ọ́n, ẹ má sọ fún mi. Ẹ kàn bá mi kí i. Ẹ ní mo dúpẹ́ ọpẹ́."